Ìnàkọjá àti Ìjìnnàsíra: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Igi Àjà àti Igi Òrùlé ní Àárín-Gbùngbùn Èkìtì

1. Ìfáàrà

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé pélébé kan láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ohun tí ìwé náà dá lé lórí ni bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n igi tí ó yẹ kí a fi ṣe àjà àti òrùlé ilé, àti bí ó ti yẹ kí igi kan jìnnà sí èkejì tó. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán, inú mi sì dùn sí i, nítorí mo rò pé Yorùbá rẹ̀ já gaara. Kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, mo mú un lọ bá bàbá káfíńtà kan ní Adó-Èkìtì kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ òun kà á sókè. Nígbà tí ọmọ náà dé ojú-ìwé kẹrin, bàbá ní kí ó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Bàbá wá yíjú sí mi, ó ní: "Dókítà, àlàfo wo ni ẹ ń sọ níhìn-ín? Ṣé èyí tí ó wà láàárín igi àti igi ni, àbí èyí tí ó wà láàárín ògiri àti ògiri? Bí a bá ṣe é bí ìwé yín ti wí, òrùlé náà yóò wó lé onílé lórí."

Òtítọ́ ni bàbá sọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi túmọ̀ àwọn méjèèjì. Ní ti ẹni tí ń ka ìwé fún ìgbádùn, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ju kí gbólóhùn kan rú u lójú lọ. Ní ti ẹni tí yóò gun òkè lọ kan igi mọ́ igi, tí ẹlòmíràn yóò sì wá sùn sábẹ́ rẹ̀, ọ̀ràn náà yàtọ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò gbé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ igi àjà àti igi òrùlé yẹ̀ wò, bí a ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ní Adó, Ìyìn, Ìgèdè, Ìfàkì àti Ìkẹ́rẹ́. A óò dábàá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ń ru ẹrù ohun méjì. Níbi tí oníṣẹ́ bá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí kò rú ẹnikẹ́ni lójú, a kò ní dí i lọ́wọ́. A kò lè ṣe èyí láìṣàlàyé bí igi ṣe ń gbé ẹrù, nítorí náà kí àwọn òǹkàwé tí kì í ṣe oníṣirò foríjì wá. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ti ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ.

2. Igi inú ilé àtijọ́

Kí páánù tó dé ilẹ̀ Èkìtì, ewé ni wọ́n fi ń bo ilé. Ewé gbòdògì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú igbó wa níhìn-ín. Koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn ń lò. Ewé wúwo nígbà tí òjò bá rin ín, ó sì gbọ́dọ̀ da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Nítorí náà, àwọn baba wa máa ń to igi wẹ́wẹ́ àti ọparun súnmọ́ ara wọn, wọn a sì fi okùn dè wọ́n. Kò sí ìṣó. Ohun tí ìṣó ń ṣe lónìí, okùn àti àtamọ́ igi ni ó ń ṣe é.

Lábẹ́ òrùlé yìí ni àjà wà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí a ń pè ní àjà lónìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Pákó tín-ín-rín tàbí ike tí a kàn mọ́ ìsàlẹ̀ igi kí ojú má baà rí páánù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àjà nísinsìnyí. Kò gbé ohunkóhun bí kò ṣe ara rẹ̀. Àjà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́. Igi gbọọrọ ni wọ́n tò láti ògiri kan dé èkejì, wọ́n to igi wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ lórí. Wọ́n ń kó àgbàdo àti ẹrù mìíràn sí i, èéfín ààrò sì ń lé kòkòrò kúrò níbẹ̀. Bí iná bá mú ewé orí ilé, amọ̀ orí àjà ni ó ń dáàbò bo ohun tí ó wà nínú yàrá. Ẹ wo bí ẹrù orí irú igi bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó: amọ̀, àgbàdo, àti ẹni tí ó gun òkè lọ bù ú. Oníṣẹ́ àtijọ́ tí ó ń yan igi àjà mọ̀ pé igi tí ó tẹ́ gbalaja ni òun ń yàn, èyí tí ògiri gbé ní orí méjèèjì tí ẹrù sì wà ní gbogbo ara rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ń pè ní jọ́ìsì gan-an nìyí. A kò ní láti wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un: igi àjà ni. Ohun kan ṣoṣo tí a ní láti ṣe ni kí a kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé igi pẹ́pẹ́pẹ́ tí wọ́n ń kan pákó àjà òde òní mọ́ kì í ṣe igi àjà. Nọ́gín ni àwọn káfíńtà ń pè é, kí ó sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ̀wé nípa igi inú ilé ní Èkìtì kò lè ṣàì dárúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí ọba jókòó tí ayaba sì dúró gẹ̀ǹgẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wà ní ilé-iṣẹ́ ọnà ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa ọnà kì í sábà rántí pé òrùlé ni wọ́n fi òpó wọ̀nyí gbé. A mẹ́nu bà á nítorí ọ̀rọ̀ náà òpó, tí a óò padà sí níwájú.

3. Àlàfo méjì

Jẹ́ kí a padà sí àṣìṣe tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní yàrá kan wà tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 láti ògiri kan dé èkejì. A tẹ́ igi àjà sí i, igi kọ̀ọ̀kan sì jìnnà sí èkejì ní ínṣì 16. Ìwọ̀n méjì ni ó wà níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ bàtà 12 tí igi kọ̀ọ̀kan nà kọjá lófuurufú láìsí ohun tí ó gbé e lábẹ́. Ìkejì ni ínṣì 16 tí ó wà láàárín igi kan àti aládùúgbò rẹ̀. Mo pe méjèèjì ní àlàfo. Irọ́ kọ́ ni, àlàfo ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí igi yàtọ̀ gidigidi.

Bí a bá fi ìlàjì kún ìwọ̀n kejì, tí ínṣì 16 di ínṣì 24, ẹrù tí igi kọ̀ọ̀kan ń gbé yóò fi ìlàjì pọ̀ sí i. Ilẹ̀ tí igi kan ń gbé tẹ́lẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 níbùú-lóròó, ó di 24. Agbára tí ń fẹ́ ṣẹ́ igi náà yóò fi ìlàjì pọ̀ sí i, bí ó ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ ní àárín náà yóò sì fi ìlàjì pọ̀ sí i. Ohun gbogbo ń lọ ní ìwọ̀n kan náà.

Bí a bá wá fi ìlàjì kún ìwọ̀n àkọ́kọ́, tí ẹsẹ̀ bàtà 12 di 18, tí àlàfo igi sí igi kò sì yí padà, agbára tí ń fẹ́ ṣẹ́ igi kì í fi ìlàjì pọ̀ sí i mọ́. Ó di ìlọ́po méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé ìwọ̀n náà ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Bí igi ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ ni ó wá burú jù: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìwọ̀n náà ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé igi náà yóò tẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún ó lé díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi tí ó tẹ̀ ní ìdajì ínṣì lánàá yóò tẹ̀ ju ínṣì 2½ lọ lónìí.

Ọmọ-iṣẹ́ tí ó ka ìwé mi, tí ó sì rí i pé "a lè fi ìlàjì kún àlàfo bí igi bá le", lè fi ìlàjì náà kún èyí tí kò yẹ. Èyí ni bàbá rí tí èmi kò rí.

A dábàá, nítorí náà, pé kí a máa pe ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní ìnàkọjá, kí a sì máa pe ìkejì ní ìjìnnàsíra. Inú nà kọjá ni a ti ṣẹ̀dá ìnàkọjá: igi nà kọjá láti orí ògiri kan dé orí èkejì. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí a pè é ní ìnà lásán, nítorí ó kúrú, ó sì dùn ún sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó bi mí pé irú ìnà wo ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rò pé ó wà nínú ìwé ìkọ́lé. Ẹgba ni ọmọ ilé-ìwé yóò rántí. Mo jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìnàkọjá ní àǹfààní mìíràn: a lè lò ó fún afárá orí odò láìyí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, nítorí ohun kan náà ni.

Ní ti ìjìnnàsíra, ó yẹ kí a sọ ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n. Àárín igi sí àárín igi ni, kì í ṣe etí sí etí. Ìyàtọ̀ yìí dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí pákó tí a fẹ́ tẹ́ bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí igi sì nípọn ní ínṣì 2, tí a fẹ́ ìjìnnàsíra ínṣì 24, ẹni tí ó wọ̀n ọ́n láti àárín sí àárín yóò rí i pé igi kẹta bọ́ sí ínṣì 48 géérégé, pákó méjì yóò sì pàdé lórí rẹ̀. Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n láti etí sí etí yóò bá igi kẹta rẹ̀ ní ínṣì 52. Etí pákó rẹ̀ yóò dúró lófuurufú ní ínṣì 4 sí ibi tí ó yẹ kí a kàn án mọ́. Nítorí èyí kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń lo ínṣì 16 àti ínṣì 24: pákó wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, èyí ni ínṣì 96, méjèèjì sì pín in láìṣẹ́kù. Kò sí àdììtú nínú rẹ̀. Ohun tí a óò tẹ́ lórí igi ni ó ń sọ bí igi yóò ṣe jìnnà síra tó, kí a tó wá yan igi tí agbára rẹ̀ ká a.

4. Igi tí a dá dúró àti igi tí a tẹ́ sílẹ̀

Ìṣòro kejì wà lórí ìwọ̀n igi fúnra rẹ̀. Igi tí wọ́n ń tà ní ibi ìlagi sábà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, orúkọ rẹ̀ a sì máa wá láti inú ìnípọn àti fífẹ̀ rẹ̀: méjì-ní-méjì, méjì-ní-mẹ́ta, méjì-ní-mẹ́rin, méjì-ní-mẹ́fà. Gbogbo ènìyàn gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé méjì-ní-mẹ́rin lé orí ògiri, èwo nínú ìwọ̀n méjèèjì ni a fẹ́ pè ní kí ni? Àwọn atúmọ̀ kan ń kọ "jíjìn igi" fún apá tí ó dúró lóròó. Igi kì í jìn. Kòtò ni ó ń jìn. Àwọn mìíràn kọ "ìbú igi", èyí tí ó tún burú jù, nítorí ìbú ni gbogbo wa ń pe fífẹ̀, bí a kò bá sì fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn lè kà á bí ibú omi.

Àwọn káfíńtà kò ní irú ìṣòro yìí rárá. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Dá a dúró, má tẹ́ ẹ sílẹ̀." Igi tí a dá dúró ni èyí tí apá rẹ̀ tí ó fẹ̀ kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́, igi tí a tẹ́ sílẹ̀ ni èyí tí apá tí ó fẹ̀ kọ ojú sí òkè. Láti inú èyí ni a ti mú ìdúró igi fún ìwọ̀n láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè rẹ̀, àti ìnípọn fún ìwọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tiwa kò ju kí a sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ lọ.

Ìdí tí ìdúró fi ṣe pàtàkì ni pé agbára igi láti má ṣẹ́ ń bá ìnípọn rẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń bá ìdúró rẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀méjì. Agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ ń bá ìdúró lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mú méjì-ní-mẹ́rin kan. Bí o bá dá a dúró, ìdúró rẹ̀ jẹ́ 4, ìnípọn rẹ̀ sì jẹ́ 2. Bí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ipò. Igi kan náà ni, owó kan náà ni o rà á, ṣùgbọ́n èyí tí a dá dúró lágbára ju èyí tí a tẹ́ sílẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì kí ó tó ṣẹ́, ó sì le jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó tẹ̀.

Òfin kan wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́ pé bí ilé bá ti fẹ̀ sí i ni kí igi ga sí i. Mo dán an wò pẹ̀lú ìṣirò, mo sì rí i pé ó péye ju bí mo ti rò lọ. Bí ìnàkọjá bá fi ìlàjì pọ̀ sí i, tí a sì fi ìlàjì kún ìdúró igi, tí méjì-ní-mẹ́rin di méjì-ní-mẹ́fà, agbára tí ń fẹ́ ṣẹ́ igi àti agbára igi láti dúró yóò jọ pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Títẹ̀ rẹ̀ yóò fi ìlàjì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nítorí pé igi náà ti fi ìlàjì gùn sí i, ojú kò ní rí i pé ó tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn èdè gan-an. Méjì-ní-mẹ́rin tí a rà kì í sábà pé ínṣì 2 ní 4. Bí ayùn bá ti jẹ ẹ́ kù sí 1¾ ní 3½, ẹni tí ó rà á yóò rò pé ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ni òun pàdánù. Agbára rẹ̀ láti má ṣẹ́ ti di nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. A lè pè é ní ìwọ̀n-orúkọ àti ìwọ̀n-ojú. Ìwọ̀n-orúkọ ni ohun tí ọlọ́jà pè é. Ìwọ̀n-ojú ni ohun tí okùn ìwọ̀n sọ.

Igi kò sì rí bákan náà. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti là, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìrókò àti apá le, ṣùgbọ́n owó wọn ti ga jù fún òrùlé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mèláínà àti tíìkì, tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà láti gbìn, ti ń gba ipò wọn. Ìwé ìlànà orílẹ̀-èdè yìí lórí lílo igi fún ìkọ́lé, NCP 2 ti ọdún 1973, pín àwọn igi wa sí ọ̀wọ́ méje gẹ́gẹ́ bí agbára wọn, láti N1 dé N7. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bí wọ́n ti fi kọ Ìlànà Ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 2006. Àwọn tí ń ra igi ní Adó kò sọ pé àwọn fẹ́ N4. Orúkọ igi ni wọ́n ń pè.

5. Àkànpọ̀ ẹkẹ́

Nígbà tí a bá kúrò ní àjà tí a dé òrùlé, igi tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ṣóńṣó orí ilé wá sí orí ògiri ni a kọ́kọ́ bá pàdé. Ráfítà ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń pè é. Yorùbá ní ẹkẹ́, tí ó túmọ̀ sí igi alátamọ́ tí a fi ń gbé nǹkan ró, tí a sì tún ń lò fún igi òrùlé. A fara mọ́ ọn pé kí ẹkẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí fún ráfítà, bí a bá lè bẹ àwọn atẹ̀wé kí wọ́n má ṣe yọ àmì ohùn rẹ̀ kúrò. Ìwé ìkọ́lé tí ó bá pàdánù àmì yóò máa kọ́ àwọn ọmọ láti kan èké tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ orí ògiri.

Ẹkẹ́ méjì tí ó fi orí ti ara wọn ní ṣóńṣó máa ń fẹ́ yà ní ẹsẹ̀. Bí ẹrù bá wà lórí wọn, ẹsẹ̀ wọn yóò máa ti ògiri sí òde. Ẹni tí ó bá ti rí ilé amọ̀ tí ògiri rẹ̀ là ní òkè, tí ó sì fì sí ìta, ti rí iṣẹ́ ẹkẹ́ tí kò ní ìdè. Igi tí a fi so ẹsẹ̀ ẹkẹ́ méjèèjì pọ̀ ni ó ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Igi ìdábùú ni àwọn kan ń pè é, ṣùgbọ́n gbogbo igi tí ó bá dá ilé ní ìbú ni ìdábùú, títí kan èyí tí wọ́n ń kan páánù mọ́, tí wọ́n ń pè ní pọ́líìnì. A dábàá igi ọ̀já. Ọ̀já ni obìnrin fi ń pọnmọ kí ọmọ má baà yọ̀. Ọ̀já kì í gbé nǹkan láti ìsàlẹ̀, fífà ni ó ń fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni igi yìí ń ṣe. Ipá ìfà ni ó wà nínú rẹ̀, nígbà tí ipá ìfúnpọ̀ wà nínú ẹkẹ́.

Ẹkẹ́ méjì àti igi ọ̀já kan, tí a kàn pọ̀ di igun mẹ́ta, ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní trọ́ọ̀sì. Igun mẹ́rin tí a fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kàn ní igun rẹ̀ yóò máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí a bá tì í. Igun mẹ́ta kò lè yẹ̀ àfi bí igi kan bá ṣẹ́ tàbí tí ìṣó bá tú. A pe odindi rẹ̀ ní àkànpọ̀ ẹkẹ́. Ìjìnnàsíra tí ó wà láàárín àkànpọ̀ ẹkẹ́ kan àti èkejì sì ni ìnàkọjá igi pọ́líìnì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yìí kà. Ìwọ̀n kan náà ń jẹ́ orúkọ méjì, gẹ́gẹ́ bí igi tí a ń wò. Bí a bá fi ìlàjì kún ìjìnnàsíra àkànpọ̀ láti fi pa owó igi mọ́, ìnàkọjá pọ́líìnì ni a fi ìlàjì kún, ìlọ́po márùn-ún tí a sọ níṣàájú sì ń dúró dè wá níbẹ̀. Páánù tí ó ń ṣe kòtò láàárín ẹkẹ́ méjì lórí àwọn ilé kan ń jẹ́rìí sí i.

Igi tí ó dúró lóròó ní àárín àkànpọ̀, láti ṣóńṣó wá sí igi ọ̀já, ni ó fún mi ní wàhálà jù. Kíńgì-póòsì ni wọ́n ń pè é, òpó sì ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi, pàápàá nítorí òpó Ọlọ́wẹ̀: òpó ọba ní Ìkẹ́rẹ́, òpó ọba nínú òrùlé. Ìtumọ̀ náà rẹwà, ó sì ń ṣini lọ́nà. Òpó ń gbé ẹrù tí ó wà lókè rẹ̀ wá sí ilẹ̀. Igi inú àkànpọ̀ yìí kò ní ilẹ̀ lábẹ́. Afẹ́fẹ́ yàrá ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹkẹ́ méjèèjì ni ó gbé ṣóńṣó. Igi yìí rọ̀ mọ́ ṣóńṣó, ó sì gbé àárín igi ọ̀já kọ́ kí ẹrù àjà má baà fà á wálẹ̀. Ipá ìfà ni ó wà nínú rẹ̀. Káfíńtà tí ó bá gbà pé òpó ni yóò gbé e jókòó lórí igi ọ̀já, yóò sì fi ìṣó méjì kàn án kí ó má baà yẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹrù orí rẹ̀ ni yóò mú un dúró. Káfíńtà tí ó bá mọ̀ pé ohun ìgbékọ́ ni yóò fi pákó tàbí irin dè é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó má baà fà yọ. A pè é ní igi àgbékọ́. Níbi tí ògiri bá wà ní àárín ilé, tí oníṣẹ́ sì gbé igi náà lé orí ògiri, òpó ni lóòótọ́, kí a sì pè é bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n, bí ojú tilẹ̀ ń rí wọn bákan náà. Igi tí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìdí àgbékọ́ lọ ti ẹkẹ́ ní àárín, a pè é ní àfitì. Ìfúnpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ àyálò

Òǹkàwé yóò ti rí i pé a fi àwọn ọ̀rọ̀ àyálò kan sílẹ̀ bí a ti bá wọn. Àwọn aṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí, láti orí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 títí dé ìwé ọ̀rọ̀-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984, ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìwé ọdún 1984 náà dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò wá igi òrùlé sínú rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tí ń bà mí ni pé bí àwa tí a wà ní yunifásítì bá dé ìdí iṣẹ́ ọwọ́, a óò fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá pọ́ńbélé, a óò sì kọ̀wé tí oníṣẹ́ kò lè kà.

Pọ́líìnì kò rú ẹnikẹ́ni lójú láti Adó dé Ìfàkì. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń tọ́ka sí. Mo ti gbìyànjú àgbépáánù, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni a óò pè é níbi tí kò bá sí páánù? Kí pọ́líìnì dúró. Wọ́ọ̀lù-pléètì, igi tí a tẹ́ sórí ògiri tí ẹsẹ̀ ẹkẹ́ ń dúró lé, kò rọrùn lẹ́nu, a sì rò pé igi ìtẹ́ògiri lè gba ipò rẹ̀ nínú ìwé. Bí àwọn oníṣẹ́ kò bá gbà á, a kò ní bá wọn jà. Èyí tí a kò lè fà sẹ́yìn lórí rẹ̀ ni àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ kan ń jẹ́ ohun méjì: àlàfo, ìbú, òpó.

Ọ̀ràn ẹ̀ka-èdè náà wà níbẹ̀. Ulé àti ugi ni ará Èkìtì ń sọ nílé fún ilé àti igi. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá kò gbára lé ìró tí Èkìtì nìkan ní, nítorí náà ọmọ Adó lè sọ ugi ọ̀já, kí ọmọ Ọ̀yọ́ sọ igi ọ̀já, kí òrùlé méjèèjì sì dúró.

7. Ẹrù tí ń lọ sókè

Ohun kan kù tí àwọn ìwé tí a ń túmọ̀ kì í fún ní àyè tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, yìnyín máa ń bọ́ sórí òrùlé, ó sì máa ń wúwo. Púpọ̀ nínú ìwọ̀n tí ó wà nínú àtẹ ìṣirò wọn wà fún ẹrù tí ń tẹ òrùlé wálẹ̀. Yìnyín bẹ́ẹ̀ kò sí ní Èkìtì. Èyí tí a ní ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí ń ṣí òrùlé ilé àti ti ilé-ìwé. Páánù fúyẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ líle bá gba orí rẹ̀ kọjá, tí òmíràn sì gba abẹ́ àtíbàbà wọlé, gbogbo òrùlé náà yóò fẹ́ gbéra. Ipá tí ń tẹ̀ wálẹ̀ ti yí padà di ipá tí ń fà sókè: igi ọ̀já tí ń gba ìfà lè wá máa gba ìfúnpọ̀, ìṣó tí ó mú pọ́líìnì mọ́ ẹkẹ́ sì wá di ohun kan ṣoṣo tí ó so ilé mọ́ òrùlé rẹ̀.

Èdè wa ní ṣí, a sì ń sọ pé ìjì ṣí ilé. Láti inú rẹ̀ ni a ti dábàá ipá ìṣílé fún ipá tí ń fa òrùlé sókè. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú kí igi tóbi sí i. Ó wà nínú ìdè: ọ̀pá irin tí bíríkìlà ti fi sílẹ̀ nínú kọnkéré orí ògiri kí ó lè tẹ̀ ẹ́ bo igi ìtẹ́ògiri, ìtẹ́ògiri tí a dè mọ́ ẹkẹ́, ẹkẹ́ tí a dè mọ́ pọ́líìnì, láìfo ọ̀kankan. Nígbà tí mo tún ìwé pélébé náà túmọ̀, mo fi ìpínrọ̀ kan kún un lórí èyí, bí kò tilẹ̀ sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo mú un padà lọ bá bàbá. Ọmọ-iṣẹ́ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí òun fẹ́ kí n yí padà: ibi tí mo ti kọ "kí a lo ìṣó tí ó tó". Ó ní kí n sọ iye rẹ̀.